Sísọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé gígun òkè ló le, ẹ gbọ́: sísọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́! Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lónìí, orúnkún mi ń gbọ̀n. Gbòǹgbò igi yọ síta káàkiri ojú ọ̀nà, òjò ti rẹ wọ́n, wọ́n ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ìkùukùu bo igbó débi pé ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sára igi là ń wò tẹ̀lé. Ọ̀nà yẹn rí kọ́lọkọ̀lọ, ẹnìkan nínú wa sì fẹ́ gba àbùjá. Mo ní rárá o! Ibi tí ẹsẹ̀ bá là tààrà lára òkè ni àgbàrá máa ń gbà, á sì wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Onítọ̀hún ló ń fi ọ̀pá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n yá òun.