Gbèsè Fọ́tò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kabba. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ orúkọ àwọn tí mo jẹ ní fọ́tò sí. Bí mo bá ti ya ènìyàn, tí mo sì ti sọ pé "màá gbé e wá fún yín," orúkọ ẹni náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yẹn kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà níbẹ̀ láti oṣù Keje. Ojú tì mí. Mo ní ti òní ò ní di ọ̀la mọ́.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Fọ́tò kọ́ ni oúnjẹ mi, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ rí. Àmọ́ bí Sátidé bá ti mọ́, ara mi kì í lélẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ èjìká. Mẹ́ta ni mo kó lónìí: Olympus Trip 35, Yashica Mat-124G, àti Canon 600D. Fóònù wà nínú àpò, mi ò ka ìyẹn mọ́ wọn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ san gbèsè fún ni ọlọ́kadà tó sábà máa ń gbé mi. Oṣù tó kọjá ló fọ ọ̀kadà rẹ̀ títí tó fi ń dán bíi dígí, ó ní, "Àǹtí, ẹ ya èmi àtòun pọ̀." Olympus yẹn ni mo fi yà wọ́n. Mo fẹ́ràn kámẹ́rà náà nítorí pé kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Japan, kò sì lo báńtìrì kankan. Àwọn gíláàsì wínníwínní tó yí ojú rẹ̀ po bí ojú afárá oyin, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ tó bá kàn wọ́n ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Wọn ò kọ nọ́ńbà kankan sí òkè lẹ́ǹsì láti fi mọ bí ohun tí o fẹ́ yà ṣe jìnnà tó, àwòrán ni wọ́n yà síbẹ̀: orí ènìyàn kan, ènìyàn méjì, ènìyàn mẹ́ta, àti òkè. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè lò ó. Fún ẹni tó ń gbé Kabba tí òkè yí wa ká, àwòrán òkè yẹn ni ìka mi máa ń wá kó tó ronú.

Ọlọ́kadà gba fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́, ó fi bọ àpò àyà, ó sì ní kí n gòkè, òun á gbé mi dé Bùnú. Mo ní kó jẹ́ kí n sanwó, ó kọ̀ jálẹ̀.

Gbèsè kejì kò ṣe é san lónìí. Ọmọkùnrin kan ni, tí mo fi fóònù yà níwájú ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ti kó lọ sí Lokoja, àwọn ará ilé ní ó máa wá nígbà Àjíǹde. Mo ti tẹ fọ́tò ọmọ náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù wéètì-àǹdì-gẹ́ẹ̀tì, ó wà nínú àpòòwé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Á dúró dè é.

Ojú ọ̀nà Bùnú lónìí, èèyàn ò lè fi bẹ́ẹ̀ rí òkè. Eruku ọyẹ́ ti bò wọ́n, wọ́n wà níbẹ̀ bí aṣọ tó ti ṣá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tí èyí tó kẹ́yìn fi dàpọ̀ mọ́ ojú ọ̀run. Mo ní kó dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi Olympus ya ẹyọ kan sí àwòrán òkè. Mi ò yọ Canon rárá. Canon yẹn, bí o bá ṣí i láti pààrọ̀ lẹ́ǹsì nígbà ọyẹ́, eruku á wọlé lọ bá ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, gbogbo ojú ọ̀run tí o bá yà lẹ́yìn ìyẹn á ní àmì dúdú bíi ti eṣinṣin. Mo ti jìyà rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn níbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Láti ìgbà yẹn, ilé ni mo ti ń fi lẹ́ǹsì tí mo fẹ́ lò sí i, mi ò ní yọ ọ́ títí màá fi padà sílé.

Gbèsè kẹta ló gbé mi jáde nílé gan-an.

Màmá kan ni, ahunṣọ ni wọ́n. Òfì wọn, irú èyí tí àwọn obìnrin wa ń lò ni, ó nàró sí ara ògiri nínú yàrá, wọ́n á jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni jókòó síwájú ilẹ̀kùn. Ní oṣù Keje tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n ṣí àpótí fún mi, wọ́n sì yọ aṣọ kan jáde tí mi ò tíì fojú kàn rí láyé mi: aṣọ ìpó, aṣọ pupa Bùnú, tí wọ́n fi ń yẹ́ òkú olóyè àti èèyàn ńlá sí. Ìyá tó bí ìyá wọn ló hun ún. Wọ́n ní òwú pupa inú rẹ̀, ara aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti ń tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán láyé ìgbà yẹn, nítorí aró ilé kì í fúnni ní irú pupa bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí òfì, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní kí n yà wọ́n.

Yashica ni mo fi yà wọ́n lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ Yashica onílẹ́ǹsì méjì, bí àpótí kékeré ló rí. Èèyàn kì í gbé e sójú. Àyà tàbí ikùn lo máa gbé e sí, wàá tẹrí ba, wàá wo gíláàsì orí rẹ̀, ẹni tí ò ń yà á sì hàn níbẹ̀, apá òsì á wà lọ́tùn-ún, apá ọ̀tún á wà lósì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣàkíyèsí ohun kan nípa rẹ̀. Bí mo bá gbé Canon sójú níwájú àgbàlagbà, ara wọn á le, wọ́n á di igi, nítorí ohun dúdú ńlá kan ló bo ojú ọmọ tó wà níwájú wọn, wọn ò rójú mi mọ́. Fóònù ńkọ́? Wọn kì í tiẹ̀ kà á sí, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹrí ba sórí Yashica, ara wọn á rọ̀. Màmá yìí sọ ọ́ síta lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Èyí dáa. Ó kí mi kó tó yà mí."

Ìmọ́lẹ̀ yàrá náà kò tó nǹkan, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Olympus ìbá ti kọ̀, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, àsíá pupa kékeré kan ló máa ń yọ sókè nínú ihò tí a fi ń wòran, kò sì ní jẹ́ kí ìka rẹ tẹ̀ ẹ́. Yashica ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Mítà rẹ̀ ti kú, báńtìrì oní-mẹ́kúrì tó ń lò, wọn kì í ṣe é mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ara mi ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ojú màmá, tí mo sì fi fóònù wọn ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn lẹ́yìn tí mo ti ba ojú ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Mítà gbà pé eérú ni àwọ̀ gbogbo ohun tó wà láyé. Bí o bá jẹ́ kó wo òwú funfun tó kún inú òfì, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú dúdú tó wà láàárín á sì wọ òkùnkùn. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi àti ojú màmá, àwọ̀ kan náà ni.

Fọ́tò náà dára. Mo ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ojú wọn yọ kedere, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ìlà ọwọ́ wọn hàn lórí òwú. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, mo fi páálí sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ká.

Mo kúnlẹ̀. "Okun o, màmá."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni gbogbo wọn wà ní Kabba?"

Mo gbé fọ́tò fún wọn. Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka kan aṣọ orí òfì nínú fọ́tò náà, wọ́n sì dákẹ́.

"Aṣọ ta nìyí?"

"Aṣọ yín ni, màmá. Aṣọ ìpó."

"Rárá o. Aṣọ ìpó pupa ni. Èyí dúdú."

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Fíìmù funfun-òun-dúdú ni, kì í mọ àwọ̀ kankan, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń kà. Pupa tó jinlẹ̀ kì í dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi bọ́ sí dúdú. Mo tiẹ̀ mọ̀ pé bí mo bá ti fi gíláàsì pupa bo ojú lẹ́ǹsì, aṣọ náà ìbá mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn náà kì í ṣe pupa. Kí ni mo fẹ́ fi àlàyé náà ṣe? Ẹni tó ni aṣọ ti sọ ohun tó kù.

J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo dúró síbẹ̀. Láti ọdún 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, funfun-òun-dúdú sì ni. Mo ti wo àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn débi pé mo gbà pé ohunkóhun tí ọwọ́ ìyá ẹnikẹ́ni bá ṣe, bó ṣe yẹ ká yà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n irun ló ń yà. Irun dúdú tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí fíìmù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi gbé ọ̀nà irun wá bá aṣọ.

Mo bẹ màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi yọ aṣọ náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n yọ ọ́. A gbé e síta sí abẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ò ti kàn án tààrà. Mo yọ Canon.

Ẹ má rò pé Canon mọ pupa ju fíìmù lọ. Ẹyọ àkọ́kọ́ tí mo yà, aṣọ náà dà bí ọ̀dà tó dà sílẹ̀. Kò sí òwú, kò sí ìlà, pupa ṣáá ni. Ìdí rẹ̀ ni pé kámẹ́rà báyìí pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù. Bí aṣọ bá pupa tó báyìí, apá ti pupa á ti kún dé ẹnu nígbà tí méjì yòókù ṣì wà nísàlẹ̀ ìkòkò, mítà kò sì ní sọ fún ọ, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pa pọ̀ kà. Mo wo àwòrán ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, èyí tó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, mo rí i pé ti pupa ti lọ rọ́ mọ́ ògiri. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, mo tún dín in. Ní ìgbà kẹrin, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mo rí ibi tí pupa kan ti jó ju èkejì lọ, bíi pé aṣọ méjì ni wọ́n tú pọ̀. Mo gbé kámẹ́rà fún màmá, mo fi hàn wọ́n.

Wọ́n wò ó. Wọ́n fi aṣọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ó kù díẹ̀," ni wọ́n wí. "Tiwa pọ́n ju báyìí lọ, kò tàn báyìí."

Òótọ́ ni. Kámẹ́rà ti fi àwọ̀ ọsàn díẹ̀ sí i. Mo sọ fún wọn pé bí mo bá délé, lórí kọ̀ǹpútà, mo lè tún un ṣe kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àfi pé mi ò ní rí aṣọ lójú mi nígbà yẹn. Màmá wọ inú àpótí, wọ́n wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí, wọ́n mú fọ́nrán òwú pupa kan jáde tó ti já kúrò létí aṣọ náà tipẹ́, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Wọ́n ká a mọ́ bébà, wọ́n fi sí mi lọ́wọ́.

"Fi èyí wò ó."

Kí n tó kúrò, mo tún tẹrí ba sórí Yashica, mo ya ẹyọ mẹ́rin, ojú wọn nìkan, láìsí aṣọ.

Wọ́n mú iná lọ ní agogo méje alẹ́, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, kò sì sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Èmi yọ̀. Inú òkùnkùn biribiri ni mo ti nílò láti ká fíìmù sínú agolo, ìka nìkan ló ń ríran níbẹ̀. Omi ilé mi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, 20°C ni mo sì fẹ́. Mo gbé ike D-76, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, sínú bàsíà, mo to píọ̀ wọ́tà tútù mẹ́ta láti firíìjì ìyá àdúgbò yí i ká títí tí òṣùwọ̀n fi sọ̀kalẹ̀. HP5 ni fíìmù náà, mo sì ti fi omi la D-76 sí ìlàjì, nítorí náà ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Mò ń ka á, mò ń yí agolo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti wà lórí okùn báyìí, mo fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ mú un, omi ń kán láti ìdí rẹ̀ sínú bàsíà.

Mo fi pẹ́ńsùlù fa orúkọ ọlọ́kadà rẹ́ nínú ìwé. Orúkọ màmá ṣì wà níbẹ̀. Mo fi sẹlotéèpù lẹ fọ́nrán pupa náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.