Máàpù ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá: ibi tí mo so tábìlì dé

Iṣẹ́ máàpù ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí mò ń fi geopandas (irinṣẹ́ Python fún iṣẹ́ máàpù) ṣe ti ń bọ́ sójú ọ̀nà o. Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà níbẹ̀, Èkó 20, Ògùn 20, Ọ̀yọ́ 33, Ọ̀ṣun 30, Oǹdó 18, Èkìtì 16. Fáìlì ààlà wà lọ́tọ̀, tábìlì orúkọ tí mo tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wà lọ́tọ̀, iye èèyàn ti ìkànìyàn 2006 náà tún wà lọ́tọ̀, síso wọ́n pọ̀ yìí gan-an niṣẹ́.

Orúkọ lọ́pọ̀ èèyàn máa ń fi so ó, èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo Sùúrùlérè. Ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lápá Ògbómọ̀ṣọ́, Ìrẹsà-Adú ni olú-ìlú tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí merge, àṣẹ tó ń so tábìlì pọ̀, lo orúkọ nìkan, kò ní pariwo o, Sùúrùlérè méjì inú fáìlì ààlà á gbá méjì inú tábìlì mú, wọ́n á di mẹ́rin, ìlà 137 á di 139, iye èèyàn Èkó á wá lọ jókòó sí Ọ̀yọ́.

Àmì ohùn náà tún ń bẹ. Ẹdẹ tí mo tẹ̀ lórí fóònù àti Ẹdẹ tí mo tẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ len(), tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, ní ọ̀kan jẹ́ 3, ó ní èkejì jẹ́ 5, torí pé níbì kan Ẹ odindi ni, níbòmíì E ni pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Mo fi unicodedata.normalize('NFC'), tó ń mú kí ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà kíkọ kan ṣoṣo, fọ gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ, wọ́n wá bára mu. Gbogbo ẹni tó bá ń fi Yorùbá ṣe dátà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe èyí kẹ́ ẹ tó so nǹkankan.

P-code, ìyẹn kóòdù tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ni mo wá fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tó so wọ́n pọ̀. Ti Èkó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NG025, t'Ọ̀yọ́ NG031, torí náà kò sí bí Sùúrùlérè méjèèjì ṣe fẹ́ pàdé. Mo kọ ọ́ báyìí, gdf ni fáìlì ààlà:

gdf.merge(tabili, on='pcode', how='left', validate='one_to_one', indicator=True)

Validate yẹn dùn mọ́ mi gan-an, tí kóòdù kan bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì, á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Indicator á kọ left_only síwájú ìjọba ìbílẹ̀ tí kò rí èkejì ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé gdf ló wà níwájú, tó bá jẹ́ tábìlì lásán lẹ fi síwájú, tábìlì lásán náà lẹ máa gbà padà, kò ní ṣeé yà bíi máàpù.

GeoPackage, irú fáìlì máàpù kan, ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Shapefile, irú fáìlì máàpù mìíràn, ò gbà ju lẹ́tà 10 lọ fún orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, iye_eniyan_2006 á di iye_eniyan, ọdún ti já sọnù nìyẹn.

Ó ku kíkọ orúkọ sórí ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ìgboro Ìbàdàn kéré jù láàárín ìyókù, mo máa ya àpótí tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.