Kẹ́ ẹ tó ra bàálù táwọn sójà ti lò, ìwé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan wá bá mi nílé ní Bódìjà, ó fi àwòrán bàálù kan hàn mí lórí fóònù. Turboprop ni, ìyẹn bàálù tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ń yí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀, àwọn ológun ló ń tà á, owó rẹ̀ ò sì wọ́n lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wa irú ẹ̀ rí. Mo fẹ́ máa fi gbé àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò."

Lóòótọ́ ni. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ra Pilatus Porter kan, bàálù kékeré tó jẹ́ turboprop, ní Yúróòpù, ọwọ́ àwọn sójà ló ti kúrò. Ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú Alákìá ni mo dàgbà sí, torí náà ọjọ́ tá a sanwó rẹ̀ tán, ẹkún ayọ̀ ni mo sun.

Owó tá a fi rà á kọ́ ló gbọ́n àpò wa gbẹ, ìwé ni. Ohunkóhun táwọn sójà bá fi sára bàálù láìsí ìwé tí àjọ tó ń mójú tó bàálù aráàlú tẹ́wọ́ gbà, yíyọ lẹ máa yọ ọ́, bó ti wù kó dára tó. Abẹ̀bẹ̀ imú tiwa ń dán gbinrin, àmọ́ ojú ìwé kan sọnù nínú ìtàn rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni bàálù fi jókòó. Ẹni tó tà á fún wa ò gbé fóònù wa mọ́.

Ẹ má sì fi wákàtí nìkan díwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ó gòkè dé nǹkan bíi mítà 4,000, àwọn tó wọ páráṣúùtì á bẹ́, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tún kó àwọn mìíràn. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, á tutù, á tún gbóná. Àwọn irin tó ń yí nínú PT6, ìyẹn irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Porter wa, ní iye ìgbà tí wọ́n lè gbé irú ẹ̀ mọ, kódà kí wákàtí wọn kéré.

Títan ẹ́ńjìnnì ló ṣe mí léṣe jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bátìrì ti rẹ̀, àwọn tó fẹ́ fò sì ti wọ páráṣúùtì, wọ́n ń wò mí. Mo kánjú. Ẹ́ńjìnnì ò tíì yí dáadáa tí mo fi ṣí epo sí i, ni abẹ́rẹ́ ìgbóná bá ń sáré lọ sí ìlà pupa. Mo pa epo lójú ẹsẹ̀, mo jẹ́ kí stáàtà ṣì máa yí i kó fẹ́ ooru jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí lefa. Látọjọ́ náà, bátìrì tí ò bá lágbára, mi ò fi tan ẹ́ńjìnnì, ẹni yòówù kó máa dúró.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn tó fẹ́ bẹ́ nípa ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú: bí wọ́n bá kóra jọ síbẹ̀, ìdí bàálù á wúwo, imú á gbé sókè, eré á sì dín kù. Ní Ìbàdàn níbí, eruku ọyẹ́ máa ń họ àwọn abẹ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ máa fi omi fọ̀ ọ́ déédéé.

Mo ní kí àbúrò mi gba àwòrán gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ́ńjìnnì wá ká tó sọ̀rọ̀ owó. Ó rán an lánàá. Ọdún mẹ́ta ò sí níbẹ̀. Mo ti ní kó padà lọ béèrè.