Oṣù 14 àti ẹyin tí mo dúró kà

Aago márùn-ún ìdájí ni mo jí lónìí, fóònù ni mo sì kọ́kọ́ nawọ́ mú, torí ara mi ti ń sọ fún mi pé íméèlì yẹn á ti wọlé. Ó ti wọlé lóòótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nípa àyè postdoc, iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn PhD, tèmi sì jẹ́ lórí ẹyẹ, ló fèsì, wọ́n ní iṣẹ́ mi wu àwọn, wọ́n ní ká jọ kọ̀wé béèrè owó Marie Curie, àmọ́ kí n kọ́kọ́ ka iye oṣù tí mo ti gbé ní orílẹ̀-èdè tàwọn.

Mo kà á. Oṣù 14.

Ẹni tí ò sí nídìí nǹkan yìí lè ní kí ló kan oṣù ńbẹ̀. Owó Yúróòpù ni Marie Curie, tó bá jẹ́ pé inú Yúróòpù lèèyàn ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù ló lè béèrè fún un, ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, torí irú èyí tí NSF, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí sáyẹ́ǹsì, ń fún àwọn onímọ̀ bàíọ́lọ́jì l'Amẹ́ríkà, ọmọ ìlú wọn àtẹni tó ní ìwé ìgbélùú nìkan ló wà fún. Àmọ́ òfin kan wà nínú Marie Curie tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀: nínú oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn, èèyàn ò gbọ́dọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ju oṣù 12 lọ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ. Oṣù méjì péré ni mo fi lé. Oṣù méjì tí mo dúró sẹ́yìn nígbà táwọn tá a jọ lọ ti padà sílé, kí n lè parí ẹyin kíkà, torí àwọn ẹyẹ ò tíì yé tán.

Ó dùn mí gan-an. Nígbà tó yá mo pe ẹ̀gbọ́n wa kan tá a jọ wà ní láàbù tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́ o, oṣù méjì ló fi lé."

"Ṣé orílẹ̀-èdè yẹn nìkan lẹyẹ wà ni? Wá ẹlòmíì tó ní dátà, kọ̀wé sí wọn lónìí, má jẹ̀ẹ́ ó dọ̀la."

Wọ́n ní kí n má tiẹ̀ gbé gbogbo ọkàn lé Marie Curie, torí ìwé tó wọlé síbẹ̀ ní 2024 lé díẹ̀ ní 10,000, nígbà tó fi máa di 2025 ó ti ju 17,000 lọ. Owó àjọ Humboldt ti Jámánì wà, ìgbà tó bá wu èèyàn ló lè fìwé ránṣẹ́. HFSP, àjọ àgbáyé tó ń náwó sórí ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí, náà wà, àmọ́ àwọn yẹn fẹ́ kéèyàn yà kúrò nídìí ohun tó ń ṣe bọ̀, èmi ò sì tíì ṣe tán láti fẹyẹ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án mo jókòó ti àwọn ìkéde iṣẹ́ tí mo ti ń kó jọ. Wọ́n jọra. Kó o mọ R tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà dáadáa, kó o mọ irú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní mixed models, kó o lè to genome, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá ohun abẹ̀mí, kó o mọkọ̀ wà, kó o ti ní páépà, wàá wá dé ìsàlẹ̀, wàá rí i: ọdún méjì. Nígbà míì ọdún kan, a lè fi kún un tówó bá wà. Ibẹ̀ ló máa ń ká mi lára, torí ohun tá à ń wò kì í kánjú. Ní igbó Wytham lẹ́bàá Oxford, láti 1947 ni wọ́n ti ń ka ẹyin ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní great tit nínú àpótí ìtẹ́, àkọsílẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ ká mọ̀ pé láàárín 1961 sí 2007, ọjọ́ tí wọ́n ń yé ẹyin ti fi bí ọ̀sẹ̀ méjì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ìgbà ìrúwé ń tètè móoru, kòkòrò tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ sì ń tètè jáde. Ta ló lè rí ìyẹn lọ́dún méjì? Ọdún kan á móoru, èkejì á tutù, wàá rò pé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn.

Àbí Daphne Major, erékùṣù kékeré kan ní Galápagos. 1973 ni Peter àti Rosemary Grant bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹnu àwọn ẹyẹ finch ibẹ̀. Ọ̀dá dé ní 1977, èso wẹ́wẹ́ tán, ó ku àwọn líle, ọ̀pọ̀ ẹyẹ kú, àwọn tẹ́nu wọn tóbi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà sì gbé ẹnu ńlá yẹn wáyé. Ká ní ẹnì kan gba postdoc níbẹ̀ láti 1974 dé 1976, ì bá wọn ẹyẹ tó pọ̀, ì bá dẹrù, ì bá sì lọ kí ọ̀dá tó dé.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Mi ò rò pé ó dáa kí wọ́n máa fi àdéhùn kúkúrú tọ́jú iṣẹ́ tó gùn báyìí, ẹni tó ń kó ilé kiri lọ́dún méjì méjì ń jìyà. Àmọ́ mo rántí bakitéríà, kòkòrò tójú ò lè rí, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Richard Lenski ń sìn ní láàbù, ìgò 12 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, tí wọ́n ń yọ díẹ̀ sínú fírísà ní gbogbo ìran 500. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ citrate, ohun tó wà nínú ìgò àmọ́ tí wọn ò lè jẹ tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí ìran 31,500, fírísà ni wọ́n padà sí, wọ́n jí àwọn baba ńlá ẹ̀ dìde láti wá ibi tọ́rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wá lẹ́yìn lè bi ohun tó ti pẹ́ ní ìbéèrè tuntun. Ìyẹn lè ṣeé ṣe ní oṣù 24.

Ni mo bá pa gbogbo apá field work, iṣẹ́ inú igbó, rẹ́ nínú ìwé tí mo fẹ́ fi béèrè owó. Ìbéèrè kan ni mo fi síbẹ̀: ṣé àwọn ìyá ẹyẹ tó ń yí ọjọ́ yíyé padà bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí ń bí ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Dátà ẹlòmíì ni màá fi ṣe é, ìṣirò tèmi. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n míì lórílẹ̀-èdè tí mi ò dé rí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀.

Kò tíì sí èsì. Mo ṣí fọ́tò ìwé àkọsílẹ̀ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ti ọdún tó pẹ́ kí n tó débẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òjò ò jẹ́ kóun dé àpótí 31. Mo fi àmì sí i, kí ẹni tó bá máa lò ó má bàa rò pé òdo ni.