Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀mú Bẹ Súwíìṣì

Ẹrẹ̀ ni mo wa ọkọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa yí ni mo ní, mo sì ti fi í fọ́nnu fún àbúrò mi tí ó jókòó tì mí. Mo yí súwíìṣì láti 2H (ẹsẹ̀ méjì ni ó ń yí) sí 4L (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí, pẹ̀lú agbára ṣùgbọ́n láìsí eré) bí ẹni tí ń yí rédíò, mo sì tẹná mọ́lẹ̀. Àmì kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Táyà ẹ̀yìn ń ké, ẹrẹ̀ ń fò, ọkọ̀ kò sún. Mo yí i padà, mo tún yí i síwájú, nígbà tí ó sì pẹ́, mo mú ẹ̀mú (ẹ má bi mí bí ẹ̀mú ṣe dé ibẹ̀), ni orí súwíìṣì bá já mọ́ mi lọ́wọ́.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti gbọ́ báyìí?"

Rewáyà tí a pè kò tilẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó wo ọ̀pá jíà, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, D lẹ wà."

Ó ṣàlàyé pé kò sí irin kankan tí ó so súwíìṣì mi mọ́ jíà kejì, èyí tí ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ni ó ń fi iná fólítì 5 ránṣẹ́ sí i. Rẹsísítọ̀ tí ó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan ń dín iná náà kù ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tí mo ń tọrọ. Ìtọrọ ni, kì í ṣe àṣẹ. Kí ó tó rán mọ́tò kékeré tí ń ti jíà kejì yìí níṣẹ́, yóò kọ́kọ́ bi àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, lórí wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀ bí okùn, bóyá ọ̀pá jíà wà ní N, níbi tí ẹ́ńjìnnì kì í ti yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá ọkọ̀ sì ti dúró. Tèmi wà ní D tí a fi ń lọ síwájú, táyà sì ń yí kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ láti ara ohun tí ń yí ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ eré.

Rewáyà ní, "Ó rò pé ẹ ti jìnnà. Ó ń dúró kí ẹ débi tí ẹ ń lọ ni."

Ó fi jíà sí N, ó fi ẹ̀mú mi kan náà rọra yí ìdí súwíìṣì. Nǹkan dún kọ́ lábẹ́ ọkọ̀, àmì náà ṣíwọ́ ìṣẹ́jú, a sì rọra jáde.

Mo ti fi gúlúù lẹ orí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó wọ́: agbede-méjì 2H àti 4H (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú eré) ni ó ń nà sí. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ mi tí ó sì bèèrè èwo ni a wà, mo máa ń ní kí ó bi kọ̀ǹpútà.