Páwà Sọ́plàì 1.25 sí 15 Fóòtì fún Àgbàlagbà Tó Padà sí Kíláàsì Ẹlẹktrọ́níìkì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ láti Ìkòròdú

Ọ̀sẹ̀ 1: wíwọn iná

Páwà sọ́plàì (àpótí tó ń sọ iná ilé di fóòtì kékeré tó dúró sójú kan) ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a yàn fún àgbàlagbà tó padà sí kíláàsì, kì í ṣe rédíò, kì í ṣe iná tó ń ṣẹ́jú. Gbogbo sákíìtì tí olùkọ́ bá yà sójú pátákó láti ìsinsìnyí lọ ló máa béèrè 5, 9 tàbí 12 fóòtì, bátìrì kì í sì í pẹ́ kú lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Yálà LASUSTECH (tí a ń pè ní Laspotech títí di 2022) lẹ ń lọ, tàbí Government Technical College Ìkòròdú, tàbí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan ní Sábó, transfọ́mà (tó ń dín fóòtì iná ilé kù), dáyódù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo), kàpásítọ̀ (tó ń tọ́jú iná pa mọ́), òfin Ohm (bí fóòtì, kọ́rẹ́ǹtì àti ìdènà ṣe bára wọn tan) àti ooru ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo yìí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn iná ilé yín. Ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 230 fóòtì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ní Agric, ní Ìgbógbó tàbí ní Ọdọ́gùnyàn lè má bá ìwé náà ṣe rárá. Ẹ yí mítà sí AC (irú iná tó ń wá láti sọ́kẹ́ẹ̀tì), síbi 600 tàbí 750. Ẹ wọn ọ́n ní aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́, fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà méjì lẹ nílò: èyí tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Nínú àkọsílẹ̀ yìí a mú 180 fún alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan fáànù àti fíríìjì, a sì mú 250 fún òru tí ẹrù ti kúrò lórí wáyà. Tiyín lè yàtọ̀. Nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ fi ṣírò.

Ọ̀sẹ̀ 2: transfọ́mà wo?

Àwòrán tó pọ̀ jù máa ń sọ pé transfọ́mà 15 fóòtì tó fún páwà 12 fóòtì. Ẹ jẹ́ ká bá iná 180 wò ó. 15 lọ́nà 180, pín in sí 230, ó di 11.7. Kàpásítọ̀ máa ń gba góńgó ìgbì, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.414: 16.6. Dáyódù méjì ni iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń jẹ nǹkan bí 1.4 láàárín wọn: ó ku 15.2.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbì orí kàpásítọ̀, ìyẹn fóòtì tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín góńgó kan sí èkejì. Ibùdó ìpèsè iná Ẹ̀gbìn, tó wà ní ìhà Ìjẹdẹ níbí pẹ̀lú ẹ̀rọ 6 oní 220 mẹ́gáwáàtì, ń yí iná ní 50 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí gbogbo iná Nàìjíríà. Dáyódù mẹ́rin sọ ọ́ di 100. Ìgbì náà jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì tí a pín sí 100 lọ́nà kàpásítọ̀ (ní fárádì: 2200 µF jẹ́ 0.0022). Pẹ̀lú 1 áńpù àti 2200 µF, fóòtì 4.5 ló ń lọ. Pẹ̀lú 4700 µF, 2.1 péré. Ẹ yọ 2.1 kúrò nínú 15.2, ó ku 13.1. LM317, IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń mú fóòtì dúró sójú kan, fẹ́ nǹkan bí 2.5 láàárín ìwọlé àti ìjáde rẹ̀ kó tó lè dúró. Ohun tó jáde: 10.6. Kò dé 12. Rédíò tí ẹ bá so mọ́ ọn á máa hùn, ẹ ó sì máa wá àléébù níbi tí kò sí.

Transfọ́mà 18 fóòtì, ìṣirò kan náà, ń fún yín ní 13.9 lórí iná 180. Òun la mú. Kò ní gbé 15 fóòtì pẹ̀lú 1 áńpù ní alẹ́ burúkú, ṣùgbọ́n 12 fóòtì á dúró digbí. Áńpù 2 ni kí transfọ́mà náà jẹ́, kì í ṣe 1: kàpásítọ̀ kì í mu iná díẹ̀díẹ̀, gàǹgàǹ ló ń gbà á ní góńgó ìgbì, ìyẹn ló ń mú wáyà transfọ́mà gbóná ju bí ìṣirò lásán ti wí lọ.

Ìhà kejì ni 250. 18 lọ́nà 250 pín sí 230, lọ́nà 1.414, yọ 1.4: 26.3 fóòtì. Nígbà tí kò bá sí ẹrù, transfọ́mà tún máa ń gbé e sókè díẹ̀, ó lè sún mọ́ 30. Kàpásítọ̀ tí wọ́n kọ 25V sí lára lè wú lórí, kó sì bẹ́. 35V ni ó kéré jù; bí ẹ bá rí 50V, ẹ mú un.

Ọjà tí a rà, yàtọ̀ sí transfọ́mà: LM317T kan (ẹ ra méjì), dáyódù 1N5408 mẹ́rin, 1N4007 méjì, kàpásítọ̀ 4700 µF 50V kan, 10 µF méjì, 0.1 µF kan, rẹsítọ̀ (tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù) 240 óòmù, 5.6k, 3.3k, àti 2.2k oní wáàtì 1, fọ́líùmù 5k (rẹsítọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí; èyí tí wọ́n kọ B5K sí, kì í ṣe A5K), LED pupa (iná kékeré), fíúsì 500 mA oní T (èyí tí kì í tètè já) pẹ̀lú ilé rẹ̀, fẹ́rò bọ́ọ̀dù (pátákó oníhò tó ní ilà bàbà), hítì-síǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò lára IC), páálí máíkà (tí kì í jẹ́ kí iná kọjá) àti wọ́ṣà rọ́bà fún IC, plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oní fíúsì 3 áńpù. Ilé irin dékódà tó ti kú ni a fi ṣe àpótí. Irin rẹ̀ nípọn, ihò afẹ́fẹ́ sì ti wà lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 3: jíjó lẹ́ẹ̀dì (sódà, kì í ṣe iná LED)

Apá kan wà tí ìwé kì í sọ. Áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì 40 wáàtì jẹ́ 40 lórí 230 nìkan. Lórí 180, agbára rẹ̀ di nǹkan bí 24 wáàtì. Alẹ́ ni àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń ráyè jókòó, alẹ́ náà sì ni iná máa ń rọ. Lẹ́ẹ̀dì á yọ́ lórí áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 1N5408 tó nípọn á ti fa ooru náà lọ kó tó mú. Ohun tí ẹ ó rí ni lẹ́ẹ̀dì rogodo tí kò dán, tó dà bí ìṣù tí wọ́n gbé lé orí abọ́. Ẹ fọwọ́ tì í, ẹsẹ̀ dáyódù á mì nínú rẹ̀. Ẹ lo 60 wáàtì fún dáyódù, kàpásítọ̀ ńlá àti wáyà transfọ́mà. Kí ẹ fi 40 sílẹ̀ fún rẹsítọ̀ àti IC.

Ìlànà rẹ̀: ẹ fi ọbẹ ha ẹsẹ̀ tó ti dúdú, ẹ kan áyọ́ọ̀nù mọ́ ẹsẹ̀ àti bàbà bọ́ọ̀dù pa pọ̀, ẹ ka méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kan ẹsẹ̀ náà, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Ó gbọ́dọ̀ ṣàn dé ìdí, kó sì dán. Òjé wà nínú lẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ojú tó ti lé ní ogójì ọdún kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara rẹsítọ̀ lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè. 240 óòmù jẹ́ pupa, ìyeyè, búráùn. Bí ẹ̀kẹta bá jẹ́ pupa, 2.4k ni. Lábẹ́ iná alẹ́, ìbejì ni búráùn àti pupa. Ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ 4 àti 5: LM317

Ẹ kọ ojú IC sí ara yín, kí ìkọ̀wé rẹ̀ kọjú sí yín, ẹsẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Láti òsì: ADJ (ẹsẹ̀ tí a fi ń yí fóòtì), ìjáde, ìwọlé. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìjáde. Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń kú: wọ́n á de IC mọ́ àpótí irin láìsí máíkà, àpótí náà sì ti so mọ́ nẹ́gétíìfù, ó di ṣọ́ọ̀tì. Ẹ fi máíkà sáàárín, ẹ fi wọ́ṣà rọ́bà bọ ìṣó, ẹ fi ọ̀rá funfun pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi mítà gbọ́ bóyá ó ń dún láàárín irin IC àti hítì-síǹkì. Kò gbọdọ̀ dún.

Àgbékalẹ̀ rẹ̀: ìjáde = 1.25 × (1 + R2 ÷ R1). R1 jẹ́ 240, ó wà láàárín ìjáde àti ADJ. R2 ni fọ́líùmù, láti ADJ sí nẹ́gétíìfù. Ohun tí ẹni tó ti pẹ́ kúrò ní ilé-ìwé sábà máa ń gbàgbé ni bí wọ́n ṣe ń kó lẹ́tà kọjá àmì ìdọ́gba, nítorí náà ẹ ṣe é sórí ìwé, ẹ má fò ó. A fẹ́ 15 fóòtì. 15 pín sí 1.25 jẹ́ 12. Yọ 1, ó ku 11. 11 lọ́nà 240 jẹ́ 2640 óòmù. Kò sí fọ́líùmù 2640 lọ́jà. Ṣùgbọ́n 5k àti 5.6k tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 5000 lọ́nà 5600 pín sí 10,600, ìyẹn 2641. Ibẹ̀ ni 5.6k inú àkójọ wa ti wá, ó sì dùn mọ́ni bó ṣe bọ́ sí i régé.

Ẹ so ẹsẹ̀ àárín fọ́líùmù pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ìparí kan. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀. Fọ́líùmù á gbó lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ àárín á fò kúrò lórí dúdú rẹ̀. Bí ẹ bá ti so ó, ìjáde á lọ sí 15 ni, kò ní kọjá ibẹ̀. Bí ẹ kò bá so ó, 5.6k nìkan ló kù, ìjáde á sì sáré lọ sí gbogbo iye tó wọlé, nǹkan bí 20 fóòtì lórí sákíìtì 5 fóòtì.

Kàpásítọ̀ 0.1 µF dúró nídìí ẹsẹ̀ ìwọlé, 10 µF kan sí ìjáde, èkejì sí ADJ láti pa ìgbì. 1N4007 kan láti ìjáde padà sí ìwọlé, èkejì láti ADJ sí ìjáde, ilà funfun rẹ̀ kọjú sí ìhà tí a dárúkọ gbẹ̀yìn. Wọ́n wà níbẹ̀ kí iná inú kàpásítọ̀ má baà gba inú IC sá jáde nígbà tí ohun kan bá ṣọ́ọ̀tì. 2.2k oní wáàtì 1 wà lórí kàpásítọ̀ ńlá láti tú iná inú rẹ̀ jáde: lẹ́yìn tí ẹ bá yọ plọ́ọ̀gì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. LED gba ibi kan náà kọjá 3.3k.

Ọ̀sẹ̀ 6: títan iná àkọ́kọ́

Wáyà ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé, ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ìṣó de mọ́ àpótí irin. Láìfù gba fíúsì kọjá, lẹ́yìn náà súwíìṣì, lẹ́yìn náà transfọ́mà. Fíúsì gbọ́dọ̀ ní T lára. Èyí tó ní F á máa já nígbà gbogbo tí ẹ bá tan án, torí kàpásítọ̀ òfìfo ń fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe pé iṣẹ́ yín bàjẹ́.

Ẹ má ki i sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà. Ẹ so gílóòbù 60 wáàtì sójú ọ̀nà láìfù, irú tó ní okùn irin nínú, kì í ṣe LED. Bí ó bá tàn fìrí tó sì kú, ọ̀nà mọ́. Bí ó bá tàn yanran tí kò dẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀tì wà: ẹ wo dáyódù tí wọ́n fi orí rẹ̀ sí ibi ìdí, lẹ́yìn náà ojú nẹ́gétíìfù kàpásítọ̀.

Àwọn àléébù tí iná àkọ́kọ́ máa ń fi hàn ní ìdí wọn. Ìjáde kò kọjá nǹkan bí 2.6, ó sì ń gòkè fúnra rẹ̀ tí kò bá sí ẹrù: 2.4k ló wà ní ipò 240. 1.25 pín sí 2400 kò tó 1 mílíáńpù, LM317 sì fẹ́ tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè di ara rẹ̀ mú. Ìjáde dúró sí 1.25 láìgbọ́ ti fọ́líùmù: ADJ ti kan nẹ́gétíìfù, ó sábà máa ń jẹ́ bàbà fẹ́rò bọ́ọ̀dù tí wọ́n kò gé tán. Ìjáde pọ̀ jù láìgbọ́ ti fọ́líùmù: ADJ kò dé nẹ́gétíìfù, ẹ tún ojú lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jó. Ohùn híhùn tó ń wá ní alẹ́ nìkan: ẹ padà sí ìṣirò ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má tú bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ 7: ooru

Ooru inú IC jẹ́ ìyàtọ̀ fóòtì ìwọlé àti ìjáde lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 125 °C. Ọ̀sán Ìkòròdú lè jẹ́ 35. Nǹkan bí 5 °C fún wáàtì kan láti inú sí irin ẹ̀yìn rẹ̀, 1 fún máíkà, 3 fún hítì-síǹkì wa: 9. 90 pín sí 9, wáàtì 10 ni òpin. Ìwọlé wa jẹ́ nǹkan bí 23 lábẹ́ ẹrù lórí iná 230. Nítorí náà ní 12 fóòtì ẹ lè fa 0.9 áńpù, ní 5 fóòtì, 0.55 péré. A kọ nọ́ńbà méjèèjì sí iwájú àpótí pẹ̀lú máàkà. Bí ẹ bá kọjá wọn, IC á pa ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó bá gbóná jù, á tún tan. Fóòtì á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹrù tí a fi dán an wò ni gílóòbù túráfíkétọ̀ ọ̀kadà, 12 fóòtì 10 wáàtì, tó ń fa 0.83. Okùn tútù rẹ̀ máa ń fa ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà fóòtì á kọ́kọ́ rọ, á sì gòkè padà kíákíá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ kọ fóòtì ìjáde sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 1, 10, 30 àti 60, kí ẹ sì tún ṣe é ní aago 8 alẹ́. Ohun tó kù fún ọ̀sẹ̀ 8 ni mítà kékeré fún kọ́rẹ́ǹtì: rẹsítọ̀ 0.1 óòmù oní wáàtì 2 ní ìwọlé LM317, níwájú IC, kí 1.25 má baà yẹ̀ lórí ìjáde.