Orúkọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Nínú Àpótí Ìpìlẹ̀

Nígbà tí ìjọ kan bá fẹ́ tún ilé ìsìn rẹ̀ ṣe, owó òrùlé, táìlì àti fèrèsé ni ìgbìmọ̀ ìkọ́lé sábà máa ń kọ́kọ́ jíròrò lé lórí, bẹ́ẹ̀ ìdí òkúta ìpìlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dúró sí. Nínú ilé ìjọsìn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, wọ́n ti kun òkúta náà ní ọ̀dà léraléra títí ọ̀dà fi dí ojú lẹ́tà, àfi kí ènìyàn fi ìka tọ ipa ọdún tí wọ́n gbẹ́ sí i kí ó tó lè kà á. Àwọn ìjọ mìíràn a tilẹ̀ lẹ táìlì bò ó. Èyí dùn mí, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ṣáájú wa ti gbé àpótí kékeré kan pamọ́ sẹ́yìn irú òkúta bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìròyìn, owó ẹyọ àti orúkọ àwọn ọmọ ìjọ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ní ọdún 2007, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń tún ilé gogoro agogo Kàtídírà Ìlú Mexico ṣe, wọ́n bá àpótí òjé kan nínú òkúta roboto tó gbé àgbélébùú dúró. Láti 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1791 ló ti wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n to òkúta tó ga jù lọ sórí ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1573. Wọ́n bá mẹ́dàlì 23, owó ẹyọ 5, àgbélébùú kéékèèké 5 tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, ìwé awọ, àti àwòrán Bárbárà Mímọ́, ẹni tí àwọn Kátólíìkì máa ń ké pè nítorí ìjì àti mànàmáná. (Òun kan náà ni àwọn ìran wa ní Kúbà so pọ̀ mọ́ Ṣàngó.)

Ti Kàtídírà Notre-Dame ní Paris, nílẹ̀ Faransé, ló wọ̀ mí lára jù. Nígbà tí iná jó o ní 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ṣóńṣó rẹ̀ wó, àkùkọ bàbà orí rẹ̀ sì já lulẹ̀. Wọ́n rí i nínú àlàpà, ó ti tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n àwọn ohun mímọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ní 16 oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n gbé àkùkọ tuntun sókè, wọ́n dá àwọn ohun mímọ́ náà padà sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé kan kún un tí orúkọ nǹkan bí 2,000 ènìyàn tó ṣiṣẹ́ àtúnṣe náà wà nínú rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, orúkọ ẹni tó fi òkúta lélẹ̀ ló máa ń gba ojú òkúta. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó padà di Edward Kẹjọ, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, Èkó, lélẹ̀ ní 21 oṣù Kẹrin ọdún 1925. Bagan Benjamin ló ya àwòrán ilé náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946. Ìtàn tí à ń kà dárúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àwọn birikilà àti lébìrà tó po símẹ́ǹtì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìkọ́lé: ẹ ya fọ́tò òkúta náà kí ẹnikẹ́ni tó fi òòlù kàn án. Bí ẹ bá rí àpótí, ẹ má ṣe já a ní gbangba níwájú ìjọ, nítorí ìwé tí omi ti wọ̀ lè fà ya lójú ẹsẹ̀. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpótí tuntun síbẹ̀, bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ má sì fi rọ́bà di ìwé inú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ birikilà, káfíńtà, ẹni tó pọn omi àti ìyá tó se oúnjẹ fún wọn, pẹ̀lú ìlú oníkálukú, kí ẹ sì kọ ibi tí àpótí wà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, kí ẹni tí yóò tún ilé náà ṣe lẹ́yìn wa lè mọ ibi tí yóò wò.